Ẹyin Àjèjì Nínú Ìtẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Clifford Stoll Lórí Ṣíṣọ́ Ẹ̀rọ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àwa ọmọdé sì ń tún un sọ láì ronú jinlẹ̀ sí i. Bí orí alákàn bá wá pọ̀ tó àádọ́ta ńkọ́, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré? Ìbéèrè yìí ni ẹni tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ra wọn máa ń bá jí lójoojúmọ́. Kò lè jókòó ti gbogbo wọn. Ó ní láti wá ohun tí yóò bá a ṣọ́ wọn, tí yóò sì ké sí i nígbà tí nǹkan bá yí padà.

Ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí dá lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni The Cuckoo's Egg. Clifford Stoll ló kọ ọ́, ọdún 1989 ni ó sì jáde ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á bí ìtàn amí. Èmi kà á bí ìwé iṣẹ́ ọlọ́dẹ, nítorí pé mo gbìyànjú láti fi ohun tí mo kà níbẹ̀ ṣọ́ yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa. Èrò mi ni pé ìwé náà kọ́ni dáadáa bí a ṣe ń ríran, ṣùgbọ́n kò kọ́ni tó nípa bí a ṣe ń ké, ẹni tí a ń ké sí, àti ibi tó yẹ kí ojú wa dé mọ.

Ìtàn náà lọ báyìí. Onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ni Stoll, ó ń ṣiṣẹ́ ní Lawrence Berkeley Laboratory ní ìpínlẹ̀ California. Nígbà tí owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1986, wọ́n ní kí ó wádìí ìdí tí ìṣirò owó kan kò fi bára mu. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ń sanwó àkókò tó lò. Ètò ìṣirò méjì ló wà, èsì wọn sì fi sẹ́ńtì 75 yàtọ̀ síra. Owó yìí kò tó dọ́là kan. Ẹlòmíràn ì bá ti fi í sílẹ̀, tàbí kí ó yọ ọ́ láti inú àpò ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán. Stoll tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi rí i pé ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ kò yẹ kó wà níbẹ̀ ti lo kọ̀ǹpútà náà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí jìnnà. Àjèjì tó ń wọlé ń gba orí wáyà tẹlifóònù láti ìlú Hannover ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Markus Hess ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ti Berkeley wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tó lé ní 30, tí ti àwọn ológun Amẹ́ríkà wà lára wọn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ta ohun tí wọ́n rí fún KGB, ilé-iṣẹ́ amí Soviet. Ní ọdún 1990, ilé-ẹjọ́ ní Jámánì dá a lẹ́bi.

Àkọlé ìwé náà wá láti ara ẹyẹ kan tí kì í kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ló ń yé sí, ẹyẹ tó ni ìtẹ́ á sì máa sàba lé ẹyin àjèjì láìmọ̀. Ohun tí Hess ṣe nìyẹn. Ó rí àléébù kan nínú ètò tó ń gbé lẹ́tà láti ibì kan sí ibòmíràn nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lò ó láti fi ètò tirẹ̀ rọ́pò ọ̀kan lára àwọn tí kọ̀ǹpútà náà máa ń ṣe fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn tó wọ̀ ni kò tilẹ̀ nílò àléébù kankan: ọ̀rọ̀ aṣínà tó rọrùn, irú èyí tí olùpèsè ẹ̀rọ fi sílẹ̀ fún àlejò, ni ó fi ṣí wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yìn nínú ìwé yìí ni pé ó bọ̀wọ̀ fún ohun kékeré. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ìwé náà bá ti orí KGB bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, ìbá dùn, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ wa ní nǹkan kan. Orí sẹ́ńtì 75 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ kí a fi sùúrù rìn lọ pẹ̀lú rẹ̀ láti ìṣirò kan sí èkejì. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìkan ló lè mọ̀ nígbà tí ó bá yí padà. Ìpìlẹ̀ gbogbo ìṣọ́ nìyẹn.

Ohun kejì ni ibi tí Stoll dúró sí láti máa wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé, ó kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ kékeré mìíràn tó tó àádọ́ta láti orí tábìlì àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó so wọ́n mọ́ àwọn wáyà tẹlifóònù tó ń wọlé, ó sì sùn sílẹ̀ láàárín wọn. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ yóò jáde lórí ìwé. Kí ló dé tí kò fi kọ ètò ìṣọ́ sínú kọ̀ǹpútà náà gan-an? Ìdí ni pé Hess máa ń kọ́kọ́ yẹ àyíká rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé, láti mọ ẹni tó tún wà nínú ilé. Bí ìṣọ́ bá wà nínú kọ̀ǹpútà, olè yóò rí i, á sì sá lọ tàbí kí ó pa á. Ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè rí ìwé tó ń jáde nínú yàrá mìíràn ní Berkeley. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ohun tó ń ṣọ́ ilé kò gbọdọ̀ gbára lé ilé tó ń ṣọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá gbé pẹ́jà sára, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn dókítà ń so mọ́ ìgbàdí nígbà náà, kí ó lè máa dún nígbà tí àjèjì bá wọlé. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni ó jẹ́ kí àwọn agbófinró gbà á gbọ́ nígbẹ̀yìn. Ìrántí lásán kì í jẹ́rìí dáadáa.

Níbi tí mo kà á dé yìí, orí mi ti wú. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbà fún mi. Yàrá wa ní kọ̀ǹpútà 14, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, swíìṣì méjì, ráútà kan, àti kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo wa ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Ohun 19 ni gbogbo rẹ̀. Mo gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan sí igun yàrá, mo kọ ètò tí yóò máa fi ping bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ping kì í ṣe ohun tuntun, Mike Muuss ló kọ ọ́ ní ọdún 1983. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, tí a ní, “Ẹ ńlẹ́ o, ṣé ẹ wà nílé?” Bí ó bá dáhùn, ó wà. Mo tún fi kún un pé kí láptọ́ọ̀pù máa wo bí àyè ṣe kù sí nínú kọ̀ǹpútà àgbà. Mo rántí ẹ̀kọ́ Stoll, mo sì fi módẹ́ẹ̀mù onísíìmù sí i, kí ìkìlọ̀ má baà gba ojú ọ̀nà ráútà kan náà tí mo ń ṣọ́. Bí ráútà bá kú, ta ni yóò gbé ìròyìn ikú rẹ̀ jáde? Orí fóònù olùkọ́ wa ni gbogbo ìkìlọ̀ ń lọ.

Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí iná lọ, mẹ́sẹ́ẹ̀jì 19. Nígbà tí ó dé, 19 mìíràn. Nígbà tí a pa àwọn kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ní ọjọ́ kẹta, olùkọ́ wa pa ohùn fóònù wọn. N kò dá wọn lẹ́bi, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Rú ọ̀sẹ̀ náà, mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan wọlé pé àyè inú kọ̀ǹpútà àgbà ti fẹ́ tán. Àárín àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó ju igba lọ ni ó bọ́ sí. Kò sí ẹni tó rí i. Ní ọjọ́ Ẹtì, àyè tán pátápátá. Ọjọ́ yẹn ni kíláàsì wa parí iṣẹ́ ọwọ́ tí a ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, a fi wọ́n pamọ́, a sì lọ sílé. Nígbà tí a dé ní ọjọ́ Ajé, fáìlì wà, orúkọ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé, tó máa ń dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti ṣe tirẹ̀, jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, kò sọ̀rọ̀. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ìkìlọ̀ mi kò purọ́. Ó ti sọ òótọ́ láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Ariwo tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Mo padà lọ ka ìwé náà pẹ̀lú ìbínú. Mo fẹ́ mọ ìdí tí Stoll kò fi kìlọ̀ fún mi. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: ó kìlọ̀, ṣùgbọ́n ó sáré kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà tí ó ń wá olè ni ó lo ẹ̀rọ àádọ́ta. Nígbà tí ó ti mọ ojú ọ̀nà tí olè ń gbà àti orúkọ tó ń jí lò, ó dín ìṣọ́ kù. Pẹ́jà rẹ̀ kì í dún fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Àwọn orúkọ tí olè ń lò nìkan ló ń dún fún. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè fò dìde lóru nígbà tí ó bá dún. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, nítorí pé ìgbádùn ìtàn ni mo ń lé. Àmọ́ ẹ̀bi ìwé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó lo ojú ìwé púpọ̀ lórí bí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe kún ilẹ̀, ó sì lo díẹ̀ lórí bí ó ṣe yan ohun tó yẹ kó jí òun lójú oorun. Ohun kejì yìí ló ṣòro jù.

Mo tún ètò mi ṣe. Ní báyìí, ohun kan gbọ́dọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra kí ìkìlọ̀ tó jáde. Bí swíìṣì bá dákẹ́, a kò ní dárúkọ àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìyá ni ó kú, kí a má kéde ikú ọmọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn wákàtí ẹ̀kọ́, kọ̀ǹpútà àgbà, ráútà àti swíìṣì nìkan ni à ń ṣọ́. Ọ̀rọ̀ tó lè dúró di àárọ̀ ń lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Èyí tí kò lè dúró nìkan ló ń dún lórí fóònù. Àwọn ètò ńlá bíi Nagios àti Zabbix ń ṣe gbogbo èyí fún àwọn ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ púpọ̀ sì ti lè sọ bí ara wọn ṣe rí nípasẹ̀ SNMP, ìlànà tó jáde ní ọdún 1988. Stoll kò ní irú wọn lọ́wọ́ ní 1986. Síbẹ̀, kò sí ètò tó lè bá ènìyàn yan ohun tó ṣe pàtàkì sí i.

Nǹkan kan tún wà tí ọlọ́dẹ àdúgbò wa kọ́ mi, tí n kò rí nínú ìwé náà. Ní òru, wọ́n máa ń fi irin lu òpó iná ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé olè ni wọ́n ń lé. Ìyá mi ló ṣàlàyé fún mi pé àwa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: wọ́n ń sọ pé àwọn kò tíì sùn. Bí wákàtí bá kọjá tí a kò gbọ́ ìró irin, á jẹ́ pé ọlọ́dẹ ti sùn, tàbí nǹkan ti ṣe é. Láptọ́ọ̀pù tó dákẹ́ lè máa sọ pé àlàáfíà wà, ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ti kú. Nítorí náà, ní agogo méje àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, tiwa ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ránṣẹ́ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí a kò bá rí i, a ó lọ wò ó.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni ibi tí Stoll ti ń wá ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Ó pe FBI, wọ́n ní sẹ́ńtì 75 kò tó ohun tí àwọn ń wádìí. Ó bá CIA sọ̀rọ̀, ó bá NSA sọ̀rọ̀, ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn fẹ́ gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tó gbà pé iṣẹ́ òun ni. Níbí ni ìwé náà ti lágbára ju ìtàn amí lọ. Ó fi hàn pé ìkìlọ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín dà bí ọmọ tí ń sunkún lọ́jà tí olúkúlùkù rò pé ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Nínú yàrá tiwa pẹ̀lú, ẹnìkan ṣoṣo là ń ké sí. A ti wá kọ orúkọ ènìyàn méjì sára ògiri báyìí, èkejì ń gbà á bí àkọ́kọ́ kò bá dáhùn láàárín ìdajì wákàtí.

Ìwé náà kò sì fi iye tí ẹni tó ń ṣọ́nà ń san pamọ́. Pẹ́jà ń dún nígbà tó wà pẹ̀lú Martha, olólùfẹ́ rẹ̀, inú Martha kì í sì í fìgbà gbogbo dùn sí i. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ilé, àwàdà, àti ìlànà bí a ṣe ń ṣe bisikíìtì tó wà nínú ìwé náà ń fa ìtàn sẹ́yìn. N kò gbà. Wọ́n ń rán wa létí pé ènìyàn tó ń jẹun, tó ń sùn, tó sì ń rẹ̀ ni ó wà ní ìdí ìkìlọ̀ gbogbo. Martha náà ló sì mú àbá wá pé kí wọ́n kó ìwé irọ́ tó dà bí àṣírí ìjọba sí ojú ọ̀nà olè, kí ó lè pẹ́ lórí wáyà tí àwọn ará Jámánì yóò fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé.

Ibi tí mo ti bá Stoll jà gan-an ni ọ̀rọ̀ ojú wa àti àwọn aláìṣẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ẹ̀rọ àádọ́ta yẹn, olè kan ni ó ń wá, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn tẹ̀ ni ó jáde lórí ìwé. Ìwé náà kò dúró pẹ́ tó níbẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn tí ìṣọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé-ìwé bi mí bóyá láptọ́ọ̀pù náà lè fi ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń wò hàn wọ́n. N kò fẹ́ yájú sí wọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi olùkọ́ wa.” Olùkọ́ wa ronú sí i fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ìwé kan mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn pé: à ń ṣọ́ bóyá ẹ̀rọ wà láàyè àti bóyá àyè kù nínú rẹ̀, a kì í ka ohun tí ẹnikẹ́ni ń kọ, bí èyí bá máa yí padà, a ó kọ́kọ́ sọ fún yín àti fún àwọn òbí yín. Ọjọ́ tí ìwé yẹn wọ ara ilẹ̀kùn ni ọ̀rẹ́ mi tí iṣẹ́ rẹ̀ sọnù tún bá mi sọ̀rọ̀ nípa láptọ́ọ̀pù náà. Ó ní òun ti rò pé àwa tí a wà nídìí rẹ̀ ń wo òun.

Nítorí náà, mo gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti ka The Cuckoo's Egg, kí àwọn olùkọ́ sì fi kọ́ni. Kò sí ìwé tí mo tíì kà tó fi bí a ṣe ń fi sùúrù tọ ipasẹ̀ ohun kékeré hàn bí èyí. Kí ẹni tó bá kà á ṣọ́ra, kí ó má ṣe bíi tèmi, tí mo ka ariwo tí mo fo yíyàn. Kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta tí ìwé náà kò béèrè tó: Kí ló yẹ kó jí mi? Ta ni yóò dìde bí mo bá ń sùn? Ta ni mo ń wò tí kò mọ̀ pé mo ń wo òun?

A ti tún iṣẹ́ wa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àárọ̀ òní, ní agogo méje, láptọ́ọ̀pù tún lu irin rẹ̀.